Igun Tí Adìyẹ Ṣà Jẹ

Pèpéle sìmẹ́ńtì kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Odígbó, ibẹ̀ ni ọkọ mi ti máa ń sá kòkó nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ pín oko, wọ́n pín ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn sí kòkó, wọ́n pín àga pálọ̀ pàápàá. Pèpéle yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, nítorí pé kò sí ẹni tó lè gbé e lọ. Èmi náà kò jẹ́ kó ṣòfò. Orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, orí rẹ̀ náà ló sì ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama títí irun mi fi funfun. Àwọn kan nínú wọn ti di ẹni ńlá, wọ́n ń kọjá mi lójú títì bí ẹni tí kò rí mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí ojú mi kò fẹ́ bá ìwé ṣe mọ́, mo rántí ohun kan tí olùkọ́ wa fi hàn wá ní yunifásítì lórí bébà onílà. Bébà kò wúlò fún ojú mi mọ́, ṣùgbọ́n mo ní pèpéle, mo ní àgbàdo.

Ẹ fa ìlà ní òró àti ní ìbú títí ilẹ̀ yóò fi di yàrá kéékèèké. Ẹ fi hóró àgbàdo sínú díẹ̀ nínú àwọn yàrá náà, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Òfin kan ṣoṣo ló wà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò mẹ́rin: ti òkè, ti ìsàlẹ̀, ti ọ̀tún, ti òsì. Bí ẹyọ kan tàbí mẹ́ta nínú àwọn aládùúgbò yìí bá ní àgbàdo, yàrá náà yóò ní àgbàdo ní ìran tó kàn. Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, tàbí tí ìkankan nínú wọn kò ní, yóò ṣófo. Ohun tó wà nínú yàrá náà fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí aládùúgbò ní ni yóò sọ ohun tí yóò dà. Mo ti pẹ́ nílé ọkọ kí n tó padà sórí ìṣirò yìí, òfin náà kò sì ṣàjèjì sí mi.

Tí ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran, ohun tí ẹ tò yóò kọ́kọ́ fọ́n ká, yóò rí rúdurùdu bí àgbàdo tó dà nù lọ́jà. Ẹ óò rò pé ó ti bàjẹ́. Lójijì, àwòrán tí ẹ kọ́kọ́ tò yóò tún jáde, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ni: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọn kò yàtọ̀ síra. Kò sí hóró kan tó mọ àwòrán náà. Kò sí ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n dà á kọ. Aládùúgbò ni kálukú ń wò. Ibi tí ẹ sì kọ́kọ́ tò ó sí, láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò ṣófo pátápátá. Mo rántí pé ọ̀kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ kígbe pé, "Ó ti bímọ!" Olùkọ́ wa ní, "Ó bímọ lóòótọ́. Ẹ wá ìyá lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí pèpéle, mo to hóró mẹ́jọ yí yàrá òfìfo kan ká, ó dà bí ilé kékeré tí wọ́n mọ odi yí ká. Mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná, mo sáré wọlé lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, n kò tún ohun tí mo tò yẹ̀ wò. Àgbàlagbà olùkọ́ mọ ohun tí ó tò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka aládùúgbò, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí yàrá tí yóò ní àgbàdo, mo ń ṣa ti àtijọ́ kúrò, mo ń to tuntun. Nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ilé mẹ́rin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Hóró méje-méje. Mo rò pé mo ṣì í kà. Mo tún un rò láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò rí àṣìṣe kankan. Ìgbà náà ni mo rí adìyẹ pupa kan lábẹ́ igi ọsàn, tí ó ń nu ẹnu mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣà á jẹ. Òfin dà á kọ sí mẹ́rin. Bí mo bá bá a lọ, yóò di mẹ́rìndínlógún, kò sì ní sí ilé kan tó máa pé nínú wọn. Òfin yẹn kì í bi yín léèrè bóyá ohun tí ẹ fi lé e lọ́wọ́ dára tàbí kò dára. Ohun tó bá bá ní yóò pín káàkiri.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló ni adìyẹ náà. Ilé rẹ̀ kangun sí tiwa, ó sì gbà pé tòun ni àgbàlá mi, nítorí pé bàbá wọn ló ni ilẹ̀. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo bá a nílé ọkọ. Nítorí èyí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí i, tí òun sì ń pè mí ní "ìwọ". Ní àkókò tí mò ń sọ yìí ó ti di Ìyá Àdúrà. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan lẹ́yìn ọjà, ó ní ilé àgbẹ̀bí mọ́ ọn, níbi tí àwọn aboyún ti ń sùn de ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn. N kò kẹ́gàn àdúrà. Ìyá tó bí mi gbààwẹ̀ títí ó fi kú. Ẹni tí mò ń sọ ni mo mọ̀.

Ó gba ẹ̀yìn wọlé, sùtánà lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Adìyẹ rẹ̀ ló ń wá.

"Ìyàwó, o tún ti kó eré ọmọdé dé?"

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Àdúrà." Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, ibi tí eékún mi lè gbà mí dé.

"Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, ìwọ ń to àgbàdo. Bí ebi bá ń pa ọ́, ṣe ni kó o sọ."

Ó fẹ́ tún nǹkan mìíràn sọ, ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí pèpéle. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ó ń kà á.

"Méje," ló wí. "Méje níbí, méje lọ́hùn-ún, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Ta ló fi èyí hàn ọ́?"

"Adìyẹ yín ni."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti ń gbààwẹ̀ lórí ilé àgbẹ̀bí mi, pé kí Olúwa fún mi ní àmì. Gbogbo aboyún ló ń sá lọ sí ọsibítù ní Òrè."

"Ibẹ̀ náà ló yẹ kí wọ́n sá lọ."

Kò gbọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan àyè tí hóró kò sí. "Kí ni ihò yìí?"

"Ibi tí adìyẹ yín ti ṣà jẹ ni. Mẹ́jọ ni mo tò."

"Ilẹ̀kùn ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ilẹ̀kùn tí ọmọ ń gbà wọ ayé. Ìyàwó, má gbá a o!"

Kó tó dé ẹnu géètì mo ti gbá a. Ìgbálẹ̀ kì í gbá ohun tí ojú ti rí.

Ẹni tó bá mọ àwọn aláṣọ funfun mọ ohun tí méje jẹ́ fún wọn: àbẹ́là méje, àdúrà ọlọ́jọ́ méje, omi tí wọ́n ka sáàmù sí lẹ́ẹ̀méje. Ká ní mẹ́jọ ni Ìyá Àdúrà rí, ì bá fi mí rẹ́rìn-ín, ì bá mú adìyẹ rẹ̀ lọ sílé. Adìyẹ ló yọ ẹyọ kan kúrò tó fi di ohun mímọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta wẹ́wẹ́ to àmì yẹn sí orí, ẹsẹ̀, ọ̀tún àti òsì ẹní aboyún, kí aboyún máa sùn sí àárín.

Láti ilé àgbẹ̀bí ló ti jáde sí ìta. Mo rí i tí wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ní Òrè. Mo rí i lẹ́yìn ọ̀kadà. Mo rí i ní Àjué lórí ibi ìsákòkó, tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé orí irú rẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí mo lọ sí ìsìnkú kan ní Àgbábù, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, òkúta méje, igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ló ṣófo. Obìnrin kan ń din gàrí níbẹ̀. Mo béèrè ohun tó jẹ́.

"Ilẹ̀kùn ọmọ ni, Màmá. Ìyàwó ọmọ mi lóyún."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni. Òun náà rí i lọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."



Ọmọ kan ni mo bí. Nígbà tí ó wà ní kékeré, èmi wà ní kíláàsì, àbúrò ọkọ mi ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá dé ní ọ̀sán, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń já a gbà, á máa ké. Ó dàgbà, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Òrè. Oyún kò tètè dé. Nígbà tó dé, Ìyá Àdúrà ní àdúrà òun ni, ọmọ mi sì gbà á gbọ́. Nígbà tí oyún náà di ńlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ, ó ní òun ń rí iná wẹ́wẹ́ níwájú òun. Nọ́ọ̀sì ní ọsibítù sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru, kó wá sùn sí ọ̀dọ̀ wọn kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè pa á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó kó ẹrù rẹ̀, ó wọ ọ̀kadà wá sí Odígbó, ó lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ilé àgbẹ̀bí.

Mo bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án. Àwọn aboyún mìíràn wà lórí ẹní tiwọn. Òun wà láàárín àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú rẹ̀ wú débi pé n kò tètè mọ̀ ọ́n.

"Iye, ẹ káàbọ̀," ló wí, bí a ṣe ń pe ìyá níbi tiwa. "Ẹ jókòó, ẹ má dúró."

"Dìde, ká máa lọ sí Òrè. Mo ti ní kí mọ́tò dúró."

"Iye, ara mi ti balẹ̀ níbí."

"Ara rẹ ti wú níbí."

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ mi pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ààyè ti yọ. Mo ní, "Jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn ọ́. Tí mo bá parí, tí o bá ṣì fẹ́ sùn sílẹ̀ yìí, máa sùn." Àgbàdo wà nínú àpò mi, ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú gbogbo wọn, mo fa ìlà, mo to mẹ́jọ, mo ń ṣàlàyé fún un bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tí mò ń kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀. Ilé mẹ́rin jáde, ó pé, ó ní igun. Àwọn obìnrin náà ti sún mọ́ wa. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo tún un tò, mo fi ìka yọ ẹyọ kan ní igun. Mo tún ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé mẹ́rin jáde, igun kò sí.

"Ṣé o rí i? Áńgẹ́lì kankan kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo tò ó, adìyẹ ló bà á jẹ́, Ìyá Àdúrà rí i, ó rò pé àmì ni. Nítorí adìyẹ lo ṣe fẹ́ kú?"

Mo rí i lójú ọmọ mi pé ó yé e. Kò sí ìgbà tí ìṣirò kì í yé e. Ó wo àgbàdo náà pẹ́, ó wá wò mí.

"Iye, Ọlọ́run tó fi ẹnu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sọ̀rọ̀, ṣé adìyẹ ló máa wá ṣòro fún un láti lò?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké halelúyà. Ìyá Àdúrà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ ìgbà tó dé.

"Ẹ gbọ́ nǹkan! Tíṣà fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí. Ẹ ò rí i pé kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀? Ó ń bí ara rẹ̀! Ìyàwó, iṣẹ́ Olúwa lo ń ṣe tí o kò mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó lọ sí ọsibítù," ni mo wí. Mo ṣì wà lórí eékún mi. "Ẹ máa gba ògo náà. Ẹ sọ pé àdúrà yín ló ṣe é. Ẹ ṣáà jẹ́ kó lọ."

"Ṣé mo so ó mọ́lẹ̀ ni? Bi í."

Mo tún bi í. Ó mi orí pé òun kò lọ. Mo pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ohun tó bá fẹ́ lèmi náà fẹ́." Mọ́tò tí mo háyà ń fun fèrè níta. Mo ṣa àgbàdo mi kúrò nílẹ̀, mo jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni ọmọ náà dé, obìnrin, ó sì ké. Lẹ́yìn ìyẹn ni gìrì mú ìyá rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí ná. Nígbà tí wọ́n wá gbé e sínú mọ́tò, èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan, a kò tíì dé oríta Òrè tó fi dákẹ́. Nígbà tí mo padà lọ gba aṣọ rẹ̀ ní ilé àgbẹ̀bí, wọ́n ti ká ẹní rẹ̀ kúrò. Òkúta méje-méje wà ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àárín ṣófo. Mo ti mọ̀ láti ìgbà èwe mi pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Wọn kò so òkú náà mọ́ àmì yẹn. Ọmọ ni wọ́n so mọ́ ọn. Ìyá Àdúrà gbé ọmọ-ọmọ mi jó níwájú ìjọ, ó ní ẹ wá wo ẹni tó gba ilẹ̀kùn wọlé. Ní ti ìyá, Olúwa ló pè é. Ní oṣù yẹn, aboyún wá láti Àjué, wọ́n wá láti Àgbábù, wọ́n ń wá àmì náà fún ilé wọn.

Nígbà àdúrà ogójì ọjọ́ Ìyá Àdúrà kó àwọn obìnrin rẹ̀ wá sí pálọ̀ mi pẹ̀lú olórí ẹbí. Mo sọ fún un níwájú wọn pé òun ló pa ọmọ mi, pé òun àti adìyẹ rẹ̀, mélòó ni ọpọlọ àwọn méjèèjì? Olórí ẹbí ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé yẹn, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ jókòó.

"Ìwé ló ń dà ọ́ láàmú," ni Ìyá Àdúrà wí nígbà tó ń jáde.

"Ìwé kò pa ẹnì kankan nílé mi."

A kò tíì kí ara wa títí di òní. Fún ìgbà díẹ̀ mo máa ń fi òkúta kẹjọ sínú àpò mi bí mo bá ń rìn ní Odígbó. Ibi tí mo bá ti rí àmì náà nílẹ̀, mo máa ń dí igun rẹ̀. Bí mo bá fi máa padà kọjá, wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí sá fún mi. Mo dáwọ́ dúró.

Ọmọ-ọmọ mi ló kù lọ́dọ̀ mi, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, obìnrin náà kò sì fẹ́ tọ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. N kò jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, n kò sì to àgbàdo mọ́ láti ọjọ́ tí mo tò ó ní ilé àgbẹ̀bí. Ní ọ̀sán kan láìpẹ́ yìí, mò ń yọ hóró àgbàdo lórí pèpéle, ó jókòó tì mí, ó ń fi hóró ṣeré. Nígbà tí mo máa wolẹ̀, ó ti tò ó, méje, igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún kò sí.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì."

Mo mú hóró kan, mo fi dí igun náà. Ó wò ó, ó fi ìka méjì yọ ọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ àgbàlagbà ní nǹkan.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá àgbà. Ẹ ti dí ibi tí màmá mi máa gbà wọlé."

Mo di hóró náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́. N kò dá a padà.